Ọmọ mi ń pe lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan: báwo ni yóò ṣe máa ka ìwé geere?

Ìyá kan kọ̀wé láti Gáà Akanbí ní Ìlọrin pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún mẹ́jọ, pírámárì kẹta ló wà. Bí ó bá gbé ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń lò ní ilé ìwé, á ka ojú ìwé tí wọ́n ti kà ní kíláàsì fàà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣí ojú ìwé mìíràn, kò lè ka ìlà kan tán. Á máa pe lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, á wá máa wo ojú mi. Ní ilé-kéwú, Àfáà rẹ̀ ń yìn ín, ó ti há sùrá tó pọ̀. Bàbá rẹ̀ ní ọ̀lẹ ń dà á láàmú. Àbúrò mi ní kí n má bá a sọ Yorùbá mọ́ nílé. Ṣé kí n mú un lọ sí lẹ́sìnnì ni, àbí kí wọ́n jẹ́ kó tún kíláàsì kejì ṣe?"

Ẹ ṣeun, Màmá, pàápàá tí ẹ ṣí ojú ìwé mìíràn fún un. Ọ̀pọ̀ òbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á gbọ́ tí ọmọ ń ka ojú ìwé kan fàà, inú wọn á dùn, wọn ò ní mọ̀ pé etí ló fi mọ̀ ọ́n, pé ojú rẹ̀ kò sí lórí ìwé rárá. Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ yín ni ọmọ tí orí rẹ̀ ń gba nǹkan dúró dáadáa, ṣùgbọ́n tí kò tíì yé bí lẹ́tà ṣe ń di ọ̀rọ̀. Ẹ bá mi bẹ Bàbá rẹ̀. Ọmọ tó há sùrá tó pọ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Tí wọ́n bá ń bínú sí i nídìí ìwé, yóò túbọ̀ máa wo ojú àgbà ni, nígbà tó yẹ kó máa wo ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń wá. Kíka ìwé geere yàtọ̀ sí kíkà á kíákíá. Ọmọ tó ń kàwé geere ń pe ọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ, kì í pẹ́ lórí ọ̀kankan, ohùn rẹ̀ sì ń lọ bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀: ó ń dánu dúró níbi tó yẹ, ó ń ka ìbéèrè bí ìbéèrè. Ìdí tí a fi ń lépa rẹ̀ ni pé ọkàn ọmọ kò lè di nǹkan púpọ̀ mú lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ tó ń ṣa lẹ́tà dà bí ẹni tó ń ka owó tí wọ́n tún ń bá sọ̀rọ̀: kó tó dé òpin gbólóhùn, ìbẹ̀rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá wá bi í pé kí ni ìtàn náà sọ, kò ní lè sọ ọ́. Kì í ṣe pé kò gbọ́n, gbogbo agbára rẹ̀ ló ti lò tán sórí lẹ́tà.

Ohun méjì ló sábà máa ń fa irú èyí. Èkínní ni pé orúkọ lẹ́tà ni wọ́n kọ́ ọmọ, wọn ò kọ́ ọ ní ìró rẹ̀. Bíì, éè, tíì: orúkọ nìyẹn. Bí ọmọ pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti àárọ̀ di alẹ́, wọn ò ní para pọ̀ di bat. Ìró ló ń para pọ̀, orúkọ kì í para pọ̀. Ọmọ yín tó ń pe lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, tó wá ń wo ojú yín, ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ń ṣe, ó sì ń retí kí ẹnì kan bá a sọ ọ́ di ọ̀rọ̀. Èkejì ni "ẹ wí tẹ̀lé mi". Tíṣà á ka ìlà kan lójú bọ́ọ̀dù, gbogbo kíláàsì á pariwo rẹ̀ tẹ̀lé e. Níbi tí ọmọ ti pọ̀ tí ìwé sì kéré, mi ò dá tíṣà lẹ́bi púpọ̀, ṣùgbọ́n tó bá fi máa di Jímọ̀, ọmọ tó létí ti mọ ojú ìwé náà sórí. Ọmọ tí orí rẹ̀ dára gan-an ni èyí ń fi ara pamọ́ fún jù. Ó lè dé pírámárì kẹrin kí àṣírí tó tú, nígbà tí ọ̀rọ̀ inú ìwé bá ti pọ̀ ju ohun tí orí lè gbé lọ.

Àwọn kan á ní ilé-kéwú ló kọ́ ọ ní àkọ́sórí. Mi ò fara mọ́ ọn. Ọmọ tó jókòó ti wàláà, tó ń pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì orí rẹ̀ àti àmì abẹ́ rẹ̀, tí Àfáà ń tún ẹnu rẹ̀ ṣe bí ó bá fa ibi tí kò yẹ kó fà, ohun tí ìwé kíkà ń béèrè gan-an ló ń ṣe. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í sá fún àmì ohùn Yorùbá, torí ojú rẹ̀ ti mọ́ àmì. Ti pé Lárúbáwá ń ti ọ̀tún lọ sí òsì kò tó nǹkan. Ó lè da ọmọ rú ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ń fi ìka tọ abẹ́ ìlà, kì í pẹ́ kúrò. Ẹ lè lo ilé-kéwú láti mọ ibi tí ó wà: ẹ bẹ Àfáà kó fi ibì kan nínú Kùránì tí ọmọ kò tíì há hàn án. Bí ó bá so lẹ́tà pọ̀ níbẹ̀ fúnra rẹ̀, iṣẹ́ náà ti yé e, ó kù kó gbé e wọ inú lẹ́tà Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì. Bí kò bá lè ṣe é, a jẹ́ pé àkọ́sórí ló ń ṣe níbi méjèèjì.

Ní ti àbúrò yín, ire ló ń fẹ́, àmọ́ ẹ má dá Yorùbá dúró nílé. Yorùbá gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà 25 la ní, fáwẹ̀lì 7 àti kọ́ńsónáǹtì 18, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kì í sì í yí ohùn padà kiri. Ẹ wo a nínú cat, cake, car àti call: mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. A ti bàtà ni a ti ata, òun náà ni a ti wàrà. Sílébù wa (ìyẹn ègé ọ̀rọ̀ tí à ń pè lẹ́ẹ̀kan, bíi bà àti tà nínú bàtà) kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí, kọ́ńsónáǹtì méjì kì í sì í tẹ̀ léra nínú sílébù kan. Nítorí náà, ọmọ tó gbọ́ Yorùbá lè rí àṣírí ìwé kíkà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ohun tó sì rí náà ni yóò gbé lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ìwádìí kan ní Ifẹ̀ ní 1970, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí Yorùbá kò ní fún un ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyẹn, etí ló ń gbà á, nínú ọ̀rọ̀ sísọ àti ìtàn tí wọ́n ń kà sí i létí, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ torí pé ilé ìwé ń fi Gẹ̀ẹ́sì dán an wò.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wá ọjọ́ kan tí ebi kò pa á, tí kò rẹ̀ ẹ́, ẹ fi ìṣẹ́jú 15 wo ibi tí okùn ti já. Ẹ gé páálí bísíkíìtì sí wẹ́wẹ́, ẹ kọ lẹ́tà 25 náà sí i, ẹ dà wọ́n pọ̀. Ẹ má bi í pé kí lorúkọ èyí, ẹ bi í pé báwo ni èyí ṣe ń dún. Ẹ kọ àwọn tí kò mọ̀ sílẹ̀. E àti ẹ, o àti ọ, s àti ṣ, àti gb ló sábà máa ń ṣòro. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ kankan: bofẹ, gbẹku, ṣatu, dọfi. Ọmọ tó lè pe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ka ìwé, torí kò sẹ́ni tó lè há ohun tí kò sí. Ẹ wá fún un ní àyọkà tuntun tó tó ọ̀rọ̀ 50, kó kà á, kí ẹ ka iye tó ṣì. Ní ìparí, ẹ̀yin fúnra yín ẹ ka òmíràn sí i létí, kó sọ ohun tó gbọ́. Bí ó bá gbọ́ àgbọ́yé nígbà tí ẹ kà á, ṣùgbọ́n tí kò mọ nǹkan kan nígbà tí òun kà á, lẹ́tà ni ìṣòro rẹ̀. Bí kò bá yé e nígbà méjèèjì, ọ̀rọ̀ èdè ló kù díẹ̀ káàtó, ìtàn àti ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ló nílò jù.

Bí ó bá jẹ́ pé ìró ni kò mọ̀, ẹ má ti a lọ sí y ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Ẹ mú a àti i pẹ̀lú b, t, l, m, k, kí ọ̀rọ̀ lè tètè jáde: ba, bi, ta, ti, lẹ́yìn náà bàtà, ata, ilá. Lẹ́tà méjì sí mẹ́ta tuntun tó lọ́sẹ̀ fún ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Ọmọ yín ti mọ àwọn kan, ó lè yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó jọra, bíi b àti d, tàbí e àti ẹ, ẹ má kọ́ ọ ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Gb ni kí ẹ kọ sórí páálí kan ṣoṣo, kí ojú rẹ̀ mọ̀ ọ́n sí lẹ́tà kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni an, ẹn, in, ọn, un: imú ni n ibẹ̀ ń lọ, a kì í pè é lọ́tọ̀. Ó yàtọ̀ sí n ti "ń lọ", èyí tó jẹ́ sílébù tirẹ̀, ọmọ sì máa ń kọsẹ̀ níbẹ̀. Àmì ohùn kì í ṣe ohun tí a ń fi sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Ẹ kọ igba, igbá, ìgbà, ìgbá àti igbà sí abẹ́ ara wọn, kó kọrin wọn ní dò, re, mí kó tó pè wọ́n, kó sì sọ èyí tí a fi ń bu omi, èyí tí a ń jẹ, èyí tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Ọmọ tó bá já eléyìí kì í méfò mọ́.

Nígbà tí ìró bá ti dúró ni kíkà geere tó bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe àṣìṣe, torí ìwé tuntun ni wọ́n ń fún ọmọ lójoojúmọ́. Àtúnkà ló ń mú ẹnu yọ̀. S. Jay Samuels, onímọ̀ nípa ìwé kíkà ní Amẹ́ríkà, ló kọ̀wé lórí ọ̀nà yìí ní 1979, àwọn tó ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà sì ń lò ó títí dòní. Àyọkà kúkúrú kan ni ọmọ yóò kà léraléra títí yóò fi yọ̀ lẹ́nu. Ẹ lè kọ ọ́ fúnra yín. Ẹ ní kí ọmọ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà-gadagba. Oríkì rẹ̀ náà dára, àlọ́ dára. Ẹ wo èyí: "Bàbá ra wàrà ní ọjà Ìpàtà. Ó gbé e sínú ike. Wàrà náà gbóná. Mo fẹ́ jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n Ìyá ní kí n kọ́kọ́ fọ ọwọ́." Ọ̀rọ̀ 26 ni. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, irú ohun tí ẹ óò gbọ́ ni "Bà… bá. Ra. Wà… wà… rà. Ní. Ọ… jà." Ẹ fara balẹ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ kà á sí i létí lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kí ìka rẹ̀ máa lọ lábẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ ń pè. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ jọ kà á pọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, kó dá a kà. Ẹ wá fi pẹ́ńsù fa ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ síbi tí ọ̀rọ̀ ti ń dúró: Bàbá ra wàrà / ní ọjà Ìpàtà. Mo fẹ́ jẹ ẹ́ / ṣùgbọ́n Ìyá ní / kí n kọ́kọ́ fọ ọwọ́. Kó kà á lẹ́ẹ̀kẹrin ní ìdì-ìdì báyẹn, kó má ṣe kà á ní ẹyọ-ẹyọ. Àyọkà kan náà ni kí ẹ lò fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ tó mú òmíràn. Ọjọ́ kejì ni kí ẹ tún na ìka sí ọ̀rọ̀ kan láàárín, bíi "ike" tàbí "kọ́kọ́", kó pè é láìti ìbẹ̀rẹ̀ bọ̀, kí ẹ lè mọ̀ pé kò há a. Bí ó ti ń le sí i, kí àyọkà gùn tó ọ̀rọ̀ 60 sí 100.

Ìṣẹ́jú 10 sí 15, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ti tó. Ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ náà, wákàtí kan lóòjọ́ yóò sì jẹ́ kó kórìíra ìwé. Lẹ́yìn Ásárì, kí Màgíríbì tó dé, ló bá ọ̀pọ̀ ilé mu, torí ìmọ́lẹ̀ ṣì wà, ẹ ò sì ní máa retí iná. Ìwé tí ọmọ fi ń kọ́ gbọ́dọ̀ rọrùn fún un. Bí ó bá ń ṣì ju ọ̀rọ̀ kan lọ nínú mẹ́wàá, ó ti le jù, ẹ gbé e kúrò. Ọ̀kan nínú ogún ló dára fún àtúnkà. Bí ó bá ṣi ọ̀rọ̀ pè, ẹ má tètè bá a pè é. Ẹ ka ení títí dé àrún nínú yín, ó lè tún un ṣe fúnra rẹ̀. Bí kò bá rí i ṣe, ẹ fi ìka bo ìdajì ọ̀rọ̀ náà kó pe sílébù àkọ́kọ́, kí ẹ ṣí ìyókù. Tí ó bá ṣì le, ẹ sọ ọ́ fún un, kó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, kí ẹ máa lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi aago lé e léré. Ọmọ tí wọ́n ń lé léré á kọ́ láti fò lórí ọ̀rọ̀, á kà á kíákíá tán láìmọ ohun tó kà.

Nígbà tí ẹ bá mú Gẹ̀ẹ́sì, ìró lẹ́tà náà ni kí ẹ tún fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ tó jọ ara wọn: cat, mat, sat, pin, tin, bin. Àwọn tí lẹ́tà wọn kò bá ohùn mu, bíi the, said, was, one, ojú ni ọmọ fi ń mọ̀ wọ́n. Márùn-ún lọ́sẹ̀ kò pọ̀ jù. Ẹnu ọmọ Yorùbá máa ń fi fáwẹ̀lì kún ibi tí kò sí, torí ẹnu wa kò mọ̀ ju sílébù tí fáwẹ̀lì parí lọ. Òun ló jẹ́ kí á ní búrẹ́dì àti súkúù. Bí ọmọ bá ka book tó dún bíi búùkù, tó sì mọ̀ pé ìwé ni, ó kà á. Ẹ fi àpẹẹrẹ tún ohùn náà ṣe pẹ̀lẹ́, ẹ má kà á sí àṣìṣe ìwé kíkà. Ọmọ tí wọ́n ń dá dúró ní gbogbo ọ̀rọ̀ nítorí ohùn kò ní kàwé geere láé.

Ẹ bèèrè nípa lẹ́sìnnì. Ó sinmi lórí ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ lẹ́sìnnì, iṣẹ́ ilé ìwé ni wọ́n tún ń dà kọ láti ojú bọ́ọ̀dù, ọmọ yín yóò tún máa wí tẹ̀lé wọn ni. Ẹ bi olùkọ́ náà bóyá yóò dá gbọ́ ọmọ yín nìkan níbi tó ti ń kàwé fún ìṣẹ́jú 10 lóòjọ́. Bí ó bá gbà, owó yín kò ṣòfò. Bí kò bá gbà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì lè ṣe é nílé lọ́fẹ̀ẹ́. Títún kíláàsì ṣe, mi ò gbà yín níyànjú rẹ̀ fún èyí nìkan. Bí wọ́n bá tún fi "ẹ wí tẹ̀lé mi" kọ́ ọ lọ́dún kejì, ibi tó wà náà ni yóò wà, ojú yóò sì ti í láàárín àwọn àbúrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ó ti pàdánù ilé ìwé fún oṣù púpọ̀ nítorí àìsàn tàbí ìṣípòpadà, tí ìṣirò àti gbogbo iṣẹ́ yòókù náà sì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, títún un ṣe lè ní ìwúlò. Fóònù lè fi ìró Gẹ̀ẹ́sì han ọmọ dáadáa, àmọ́ fídíò kò lè gbọ́ ọ nígbà tó bá ṣì í, torí náà kò lè rọ́pò ẹni tó jókòó tì í.

Àwọn nǹkan kan wà tí lẹ́tà yín kò lè fi hàn mí. Bí ó bá ń gbé ìwé sún mọ́ ojú, tó ń fún ojú pọ̀, tó ń fo ìlà, tàbí tó ń ní orí fífọ́ lẹ́yìn ìwé, ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò ojú kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Bí ó bá máa ń ní "kí lẹ wí?" lẹ́nu, tàbí tí etí rẹ̀ ti ṣe ọyún rí, kí wọ́n yẹ etí náà wò, torí ẹni tí kò gbọ́ ìyàtọ̀ s àti ṣ kò ní rí i nínú ìwé. Àwọn ọmọ kan sì wà tí ọpọlọ wọn dá ṣáṣá, tí lẹ́tà ń ṣòro fún gan-an láti ìbí. Ó máa ń rìn nínú ìdílé nígbà mìíràn, ẹgba kì í sì í wò ó. Irú wọn ń kọ́ ọ, àmọ́ ó ń gba àkókò púpọ̀ àti ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Bí ẹ bá ti ṣe èyí fún oṣù mẹ́ta láì já ọjọ́ sílẹ̀, tí kò tíì lè so sílébù méjì pọ̀, ẹ má ṣe dá a dúró sọ́wọ́ ara yín mọ́. Ẹ wá olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́ nípa àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ ń ṣòro fún.

Ẹ ra ìwé ìkọ̀wé kan fún iṣẹ́ yìí nìkan. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan, kó ka àyọkà tuntun tí kò rí rí, kí ẹ kọ déètì, iye ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀, iye tó ṣì, àti bóyá ó lè sọ ohun tó kà. Ẹ má fi wé ti ọmọ aládùúgbò, ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni kí ẹ fi wé. Nígbà tó bá ń ka àyọkà Yorùbá tuntun tó ní ọ̀rọ̀ 60, tí kò ṣì ju mẹ́ta lọ, tí ó sì rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léra, ẹ sọ ọjọ́ méjì di ti Gẹ̀ẹ́sì nínú márùn-ún, lẹ́yìn náà kó di mẹ́ta. Ẹ mú ìwé náà dání tí ẹ bá lọ rí tíṣà rẹ̀ ní ìparí táàmù, kó wo àwọn lẹ́tà tó ń dà á láàmú, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ pé kó máa pe ọmọ náà láti dá ka gbólóhùn méjì péré lójoojúmọ́, nínú ojú ìwé tí kíláàsì kò tíì kà.